Ẹ̀jẹ̀ Àgbò àti Èsì Tí Mo Yára Kọ

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, torí pé àwọn kan nínú wọn ń ro ohun tí wọn yóò kọ́ ní yunifásítì. Mo sọ fún wọn pé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ohùn mi kì í pẹ́ kó tó há, ṣùgbọ́n pé mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi kò ní rí i níbí. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó náà bọ́ wa, ó sì rán àwọn ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Ó tán.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé dókítà ló mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Dókítà máa ń fura ni. Tó bá fura tán, á kọ bébà kékeré kan, á fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé, níbi tó ń rùn bí oògùn apakòkòrò. Ohun tí ẹni yẹn bá kọ sórí bébà ni gbogbo ilé ìwòsàn yóò fi ṣiṣẹ́. Èmi ni ẹni inú yàrá yẹn.

Yábà ni mo ti kọ́ṣẹ́, lábẹ́ Ọ̀gá Aríbisálà. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgò àti túùbù nìkan ni mo fọ̀. Ó máa ń gbé túùbù kọ̀ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, á wò ó bí ẹni tó ń wo ojú abẹ́rẹ́. Tó bá rí àmì ìka kan ṣoṣo, á dá gbogbo agbọ̀n padà, kì í ṣe èyí tó dọ̀tí nìkan. Lóṣù kẹrin ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan pípẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn omi. Ẹnu la fi ń fà á nígbà yẹn, bí ọmọdé ṣe ń fa ohun mímu. Gbogbo wa ló ti gbé omi iyọ̀ mì. Àwọn kan gbé ohun tó burú ju omi iyọ̀ lọ mì, wọ́n yọ́ lọ ẹ̀yìn ilé lọ fọ ẹnu, wọ́n padà wá, wọn ò sì sọ̀rọ̀.

Òfin kan wà tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rìn lọ bá aláìsàn náà lórí bẹ́ẹ̀dì, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, kó tó tọrọ òmíràn. Kò gbọdọ̀ rán nọ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kan tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń se omi ẹ̀jẹ̀, Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi.

“Kí ni tẹmómítà wí?”

“Méjìdínlọ́gọ́ta, sà.”

“Mélòó ni mo sọ?”

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà. Méjì péré ló fi lé, sà.”

“O ṣé. Ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n jù mí lọ.” Ó gba túùbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ mi, ó dà wọ́n sínú síńkì. “Aláìsàn mẹ́fà. Lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Mo bẹ̀ wọ́n. Ẹni kẹrin, ìyá àgbà kan, bi mí pé, “Ọmọ mi, èyí tí ẹ máa tún gbà yìí ńkọ́, ṣé ẹ ò ní dà á nù?” Ojú tì mí débi pé mi ò lè rí ojú iṣan ọwọ́ rẹ̀.

Ìdánwò tí a ń ṣe lọ́jọ́ yẹn ló di ohun tí wọ́n fi ń dá mí mọ̀ nígbà tó yá, mo sì ní láti ṣàlàyé rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr. Ó ṣeé ṣe kó wà lára ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí. Nílẹ̀ wa, ìgbà tí ọmọ bá ṣì ń rákò ló sábà máa ń kó o, láti inú itọ́ ẹni tó bá a jẹun. Ara á gbóná díẹ̀, ọmọ á sunkún, á tán. Kòkòrò náà kì í jáde mọ́. Á sùn sínú ara títí ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kó o lọ́mọdé, tó wá kó o nígbà tó ti bàlágà, ibà gidi ló máa ń dá a dùbúlẹ̀: ọ̀nà ọ̀fun á máa dùn ún, kókó ọrùn á wú, kò ní lágbára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò ní oògùn. Ìsinmi ni, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ibà kókó ọrùn la ń pè é láàárín ara wa.

Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà yìí bá mú máa ń ní ohun kan nínú tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ṣù pọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ àgùntàn, Ọ̀gá mi kò lè sọ ọ́. A ó gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, a ó jẹ́ kó dì, a ó yọ omi tó mọ́ gaara lórí rẹ̀, a ó sì sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni a ó da ìyẹ̀fun kídìnrín sí i. Kídìnrín ẹran kékeré kan ni, ẹran òyìnbó tó jọ òkété tí kò nírù. Wọ́n ti gbẹ ẹ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná. Iṣẹ́ ìyẹ̀fun yìí ni pé kó yọ àwọn ohun mìíràn tó lè mú ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ṣù láìjẹ́ pé ibà náà ló fà á. Tí a bá ti yọ ìyẹn tán, a ó wá da ẹ̀jẹ̀ àgbò sí èyí tó kù. Tó bá ṣù, ibà kókó ọrùn ni. Tó bá rọra wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ túùbù, tó rí roboto bíi bọ́tìnnì pupa, kì í ṣe òun. Ìdánwò àgbò la sọ ọ́.

Ní Yábà kan náà ni mo ti rí àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ mú àgbọ̀n wọn wú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí kòkòrò Epstein-Barr yìí nínú kókó náà, a sì máa ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà fún ìwádìí. Ọmọkùnrin kan wà tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Nígbà tí mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ó tẹjú mọ́ túùbù náà.

“Bọ̀dá, tí ẹ bá wò ó tán, ṣé ẹ máa dá a padà fún mi?”

Mo ní, “A máa tọ́jú rẹ̀ fún ẹ.”

Ó ní kí n kọ orúkọ òun sí i kó má baà sọnù. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Nígbà tí mo padà lọ sí wọ́ọ̀dù náà lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ mìíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Túùbù náà wà nínú fíríìjì wa títí mo fi kúrò ní Yábà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí torí pé kì í jẹ́ kéèyàn fojú kan ìbànújẹ́, ẹ tún un rò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo bọ́ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkọ̀tún. Èmi nìkan ni gbogbo láàbù. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Mojísọ́lá, nọ́ọ̀sì yàrá abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni pé ìwé èsì mi kò ṣeé kà, pé ṣé adìyẹ ló ń bá mi kọ ọ́ ni. Ọdún kejì a ṣègbéyàwó. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí ìyẹn. Ilé wa kò jìnnà sí ibi iṣẹ́. A jọ máa ń rìn lọ ni, ó máa ń rìn níwájú.

Málàríà àti táífọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìdánwò àgbò kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí láàbù mìíràn ládùúgbò wa tó ń ṣe é, nítorí náà gbogbo ọrùn tó bá wú láti Ìgàndó dé Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń rán an wá. Ẹ̀jẹ̀ àgbò tí mò ń lọ gbà ní Yábà máa ń bàjẹ́ kí n tó dé ilé. Bí mo ṣe ra àgbò kan nìyẹn, tí mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé wa. Lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Mojísọ́lá ló ń fún un ní èèpo iṣu, òun ló sì sọ ọ́ ní Ọ̀gá Àgbà.

Onílé wa, Àlhájì Rájí, kò lóye ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, ó wá dúró ti àgbò náà, ó ń fọwọ́ wọn ẹ̀yìn rẹ̀.

“Bọ̀dá Láàbù, ẹ tà á fún mi jàre.”

“Kì í ṣe títà, Àlhájì.”

“Ẹ̀yin ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ so àgbò tó sanra báyìí mọ́lẹ̀, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní kì í ṣe títà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?”

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la nílò, sà.”

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Aúsùbílláhì! Nínú ilé mi?”

Mojísọ́lá jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́. “Àlhájì, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gbà á o, bí wọ́n ṣe gba tiyín nígbà tí ibà ń ṣe yín. Òun ò tiẹ̀ pariwo tó yín.”

Àlhájì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó lọ ra àgbò ti ẹ̀ níbòmíràn.

Tí iná bá lọ, sítóòfù kẹrosíìnì ni mo fi ń se omi ẹ̀jẹ̀. Èmi àti tẹmómítà á dúró tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mò ń yí iná sókè, mò ń yí i sílẹ̀, kó má kọjá mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mi ò jẹ́ kó kọjá rí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé aláìbìkítà kọ́ ni mí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Bùsáyọ̀, ọmọ Tíṣà Ajéwọlé tó ń gbé ní Gowon Estate. Ará Èkìtì ni wọ́n. Ọmọ náà wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti pé oṣù méjì tí kókó ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ara rẹ̀ máa ń gbóná nírọ̀lẹ́, ó sì ń rù. Wọ́n ti fún un ní oògùn ibà, wọ́n ti fún un ní ti táífọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pe dókítà wa kó wá wò ó.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó lè jẹ́ ibà kókó ọrùn. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi ṣe ìdánwò àgbò.”

Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyẹ̀fun kídìnrín mi ti tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti kọ̀wé sí Yábà fún òmíràn, kò sì tíì dé. Ohun tó yẹ ni pé kí n sọ fún dókítà pé kó dúró. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí láàbù, obìnrin náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Kò jẹun. Kò pariwo ẹkún. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni, kò sì nù ún.

“Bọ̀dá Láàbù, ẹ ṣàánú mi. Ẹ sọ ohunkóhun fún mi. Mi ò lè sùn ní òru àná.”

Mo wọlé, mo se omi ẹ̀jẹ̀ náà, mo fo ìyẹ̀fun, mo da ẹ̀jẹ̀ àgbò sí i. Ó ṣù. Ó ṣù nínú túùbù kìíní, nínú èkejì, títí dé ìkeje. Mo mọ̀ pé mo fo ohun kan. Mo sọ fún ara mi pé nǹkan tó ṣù tó báyìí, ìyẹ̀fun kò lè yí i padà. Mo kọ “Pọ́sítíìfù” sórí bébà, mi ò sì kọ ohun mìíràn sí i. Mo jáde sí bẹ́ǹṣì.

“Mà, kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Ibà kan ni. Ìsinmi ló fẹ́.”

Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo gbé e dìde. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi lọ.

Mojísọ́lá wà ní ìsinmi lọ́sẹ̀ náà torí pé ọmọ wa kejì ní ìgbóná èéyi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, bí a ṣe ń jẹ ìrẹsì, mo ń ròyìn iṣẹ́ fún un. Mo dé orí Bùsáyọ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ọmọ Tíṣà Ajéwọlé? Èyí tó pupa, tó ní èjí?”

“Òun ni.”

“Bàbá Túnjí, mo fún ọmọ yẹn ní abẹ́rẹ́ ìṣó.”

Ẹni tí ìṣó bá gún, abẹ́rẹ́ kan wà tí a ń fún un kó má baà ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Nígbà náà, ara ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ara èèyàn máa ń bínú sí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin yìí, ohun tí ara sì máa ń gbé dìde láti bá a jà, ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ṣù pọ̀ bákan náà. Ìyẹ̀fun kídìnrín nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo ní, “Kò sí lórí káàdì rẹ̀. Mo wò ó.”

“Kò lè sí níbẹ̀. Káàdì àbúrò rẹ̀ ni wọ́n mú wá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbàgbé tirẹ̀ sílé. Mo ní kí wọ́n padà lọ mú un, ìyá rẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́, ọ̀nà jìn. Mo kọ ọ́ sórí ti àbúrò.” Ó ka ọjọ́ lórí ìka. “Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹwàá ó tún padà wá, gbogbo ara rẹ̀ lé, ó ń yún un. Ojú ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi.”

Lẹ́yìn náà ó bi mí, “Ìyẹ̀fun yín ti tán, àbí?”

Mo gbé ṣíbí tèmi náà sílẹ̀. Ó fa àwo ìrẹsì mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ọmọrí bò ó. “Mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ ọ̀la, mo sì ní láti sọ fún dókítà,” ló sọ. “Ẹ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.”

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo dé Gowon Estate. Báàgì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ń so táì mọ́ ọrùn.

“Háà, Bọ̀dá Láàbù! Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá wa lójú ọ̀nà. Bùsáyọ̀ ń lọ bá ìyá mi ní Adó, ibẹ̀ ló ti máa sinmi dáadáa.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kó má tíì lọ. Èsì tí mo kọ kò pé. Mo fo ìpele kan tí kò yẹ kí n fò. Ohun tí mo rí lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ìṣó tí wọ́n fún un, kì í ṣe ibà náà.”

Ó jọ̀wọ́ táì sílẹ̀. “Ṣé jẹjẹrẹ ni?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ẹ mọ̀. Ẹ sọ fún ìyàwó mi. Lánàá, a jáde síwájú ìjọ, a jó, a dúpẹ́. Ṣé kí n padà lọ sọ fún wọn pé ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò yẹ̀ ẹ́ wò tán ni?”

“Mo jẹ̀bi, sà.”

“Ẹ jáde nílé mi.”

Ìyá Bùsáyọ̀ ti jókòó lé báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. “Bọ̀dá, ṣé torí pé mo sunkún ni?”

Mo dúró.

“Ká ní mi ò wá jókòó síbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá ṣe é pé?”

“Ẹ̀bi yín kọ́, mà. Èmi ni mi ò lè fara dà á.”

Bùsáyọ̀ ni kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ tì mí jáde. Ó wá láti yàrá, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. “Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Kókó yìí ti wà lọ́rùn mi kí ìṣó tó gún mi. Mo sọ fún yín, ẹ ní kí n má da ara mi láàmú.” Ó na apá sí mi. “Ẹ rọra ṣá o, bọ̀dá. Ọjọ́sí, apá mi dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo rọra.

Láti ibẹ̀ mo kọjá sí ilé ìwòsàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, mo sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí Yábà nínú fíláàsìkì. Ọ̀gá Aríbisálà ti ń múra àtifẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun. Mo ro ẹjọ́ mi. Mo ń retí kó bú mi lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

“Ta ló máa sọ fún àwọn òbí ọmọ náà?”

“Mo ti sọ fún wọn, sà. Láàárọ̀ yìí.”

Ó lọ mú ìgò ìyẹ̀fun, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan wá, ó ní kí n jókòó. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jókòó nínú láàbù náà. Èmi ni mo ṣe ìdánwò náà, ó ń wò mí. Nígbà tí àkókò pé, ó gbé àgbékọ́ túùbù náà sókè sí ojú fèrèsé. Bọ́tìnnì pupa ló wà nínú gbogbo wọn láti ìkíní dé ìkẹwàá. Kò sí èyí tó ṣù. Kì í ṣe ibà kókó ọrùn rárá.

Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà ní ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní ṣe àpèjúwe ọ̀sẹ̀ méjì náà. Lójoojúmọ́ mò ń wo maikirosíkóòpù, mo sì ń rí ọrùn ọmọ yẹn nínú rẹ̀. Mojísọ́lá kò sọ fún mi pé yóò dára. Ó máa ń jókòó tì mí, á máa to àwọn túùbù tí mo fọ̀, á tún máa tún wọn tò.

Èsì náà dé: ikọ́ fée, ìyẹn TB, ló wọ inú kókó ọrùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúkọ́ rí. Dókítà sọ pé ká ní ó ti wà ní Adó fún oṣù mẹ́ta tó ń sinmi, ìbá ti dé ibi tí a kò ní lè sọ.

Tíṣà bi mí lọ́rọ̀ kan ṣoṣo. “Ṣé ó ní oògùn?”

“Ó ní, sà.”

Ó jókòó, ó sì fi ìwé ìròyìn bo ojú rẹ̀.

Oògùn oníhóró fún oṣù púpọ̀ ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́. Mojísọ́lá ní òun lòun máa fún un ní gbogbo rẹ̀. Wọn kì í ṣí yàrá abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nítorí náà ó máa ń wọkọ̀ lọ sí Gowon Estate lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ Fọ́sígìn ìjàpá rẹ̀ wá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ní alaalẹ́ ìyàwó mi máa ń ròyìn ọrùn náà fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. “Ó ti kéré sí ẹyin àparò.” “Lónìí, ó dà bí ẹ̀pà tí a ò tíì bó.” Nígbà tó yá: “Èso àgbàdo.” Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Mo wá a, mo wá a, mi ò rí i mọ́.” Ó lọ gbé omi ọbẹ̀ kaná, ó ń kọrin lábẹ́ imú.

Bùsáyọ̀ ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ máa ń yà kí wa. Tíṣà kò bá mi ṣàwàdà mọ́ láéláé. Ó máa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á kọjá. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1990, ẹ̀rù éèdì mú kí a ju pípẹ́ẹ̀tì ẹnu nù, a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́, àwa tí a ti fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́ fún ọdún àti ọdún. Ìdánwò àgbò wá dé nínú páálí kékeré: káàdì kan, ìgò mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ dípò ti àgùntàn, ìṣẹ́jú méjì péré. Wọ́n fi ìyẹ̀fun kídìnrín ti ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè fò ó mọ́ bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀. Ìgbà tó tún yá, ẹ̀rọ dé tó ń wá ohun tí ara gbé dìde sí kòkòrò Epstein-Barr fúnra rẹ̀, láìlo ẹ̀jẹ̀ ẹranko kankan. Ọ̀gá Àgbà ti kú kí ìyẹn tó dé. Ogbó ló pa á. Mojísọ́lá kò gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́, a sin ín sẹ́yìn ilé. Àlhájì Rájí ní irú ìnáwó báyìí, ojú òun kò rí i rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ yín yóò yára ju tiwa lọ. Ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kan máa wà níta yàrá yín, ẹnì kan á jókòó sórí rẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ràn láti sọ ohun tó máa nu omijé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un lómi mu. Ẹ bá a jókòó. Ẹ má fún un ní ohun tí ẹ kò tíì ní lọ́wọ́.

Àìsàn tó mú ìyàwó mi lọ gùn díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ni a kàn jókòó sí yàrá, mo ń bó ọsàn fún un, a ń sọ̀rọ̀ àtijọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bi í ní ohun tí mi ò tíì bi í rí. Òfin iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni pé tó bá rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, dókítà ni kó kọ́kọ́ sọ fún. Ilé dókítà kò jìn sí tiwa nígbà náà; ìbá ti lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an. Mo ní, “Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lo kọ́kọ́ sọ fún, tí o sì dúró di aago mẹ́jọ?”

Ó jẹ ọsàn náà tán kó tó dáhùn.

“Ọmọ yẹn ṣì lè dúró di òwúrọ̀. Tí mo bá lọ bá dókítà, àwọn ló máa lọ sílé Tíṣà, wọ́n á sì bá yín tún un ṣe. Ojú á tì yín, ẹ ò ní fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Mo mọ̀ yín, Bàbá Túnjí.”

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bùsáyọ̀, mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kàndínlógún sí i.